Ọjọ́ Tí Bàbá Lójú-Ẹsẹ̀ Gba Oore

Alágbàfọ̀ ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè alágbàfọ̀ ní àdúgbò wa, wọ́n lè máa wò yín. Bàbá Lójú-Ẹsẹ̀ ni kí ẹ bèèrè. Orúkọ náà kò wá láti inú iṣẹ́ rẹ̀ o, nítorí aṣọ kì í tètè jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ lórúkọ ni pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe é lóore kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ó má tíì san án padà. Bí ẹ bá fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó délé, mẹ́fà ti ń dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ yín gbé e, kò ní wọlé àfi bí ó bá fọ ọkọ̀ náà. Mo ti rí i tí ó ń fọ ọkọ̀ ẹni tí ń kánjú lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," ni yóò wí, "bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Èmi náà a dá a lóhùn pé, "Bàbá wọn, dúpẹ́ ni wọ́n wí. Wọn ò ní kẹ́ ẹ máa sáré kiri."

Ta ni yóò gbọ́? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà nílé rẹ̀, oore kankan kò sùn mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́jú rí. Kò yọ èmi aya rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá bá a gé èékánná ẹsẹ̀, kí n tó gbé abẹ́ sílẹ̀ ni yóò ti ní kí n na ẹsẹ̀ tèmi wá.

Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì gígùn méjì wà níbẹ̀ tí ó fi aṣọ ìbora àtijọ́ tẹ́, okùn ta kọjá lókè láti ògiri dé ògiri, gbogbo aṣọ tí ó wà lórí rẹ̀ ni a fi nọ́ńbà kékeré gán mọ́ lọ́rùn. Lórí pẹpẹ, áyọ́ọ̀nù mẹ́rin ló tò síbẹ̀, mẹ́ta oníná, ọ̀kan eléèédú fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Gbogbo wọn ló kọjú sí ògiri, nítorí bàbá yìí ní áyọ́ọ̀nù tí ó bá kọjú sí èèyàn kò lẹ́kọ̀ọ́. Lókè ẹnu ọ̀nà ni pátákó tí ó fi ọ̀dà pupa kọ fúnra rẹ̀ wà: Ẹ̀BẸ̀ KÌ Í YỌ ÀBÀWỌ́N. Àwọn tí ń gbé aṣọ elépo wá tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó funfun lọ́la ni ó kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, mo rí i pé bí ọkùnrin náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí a ṣe ìgbéyàwó, mo ní kí n ran ọkọ mi lọ́wọ́, mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo sì jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé báńkì kan. Ibi tí ó jó kò ju ẹ̀wà kan lọ. Ọkọ mi kò pariwo. Ìbá tilẹ̀ sàn kí ó pariwo. Ó kàn rọra gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ó tó," ó ra ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn fún ọkùnrin náà, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù nínú ilé yẹn mọ́. Èmi ni mò ń fọ̀, èmi ni mò ń fún, èmi ni mò ń sá, èmi ni mò ń ká, èmi ni mò ń gán nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n lílọ̀, èèwọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún kìn-ín-ní, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún kejì. Ó ní, "Mo ti foríjì ọ́ tipẹ́," ó sì gbé áyọ́ọ̀nù sórí pẹpẹ tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aṣọ tí mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń bá mi lọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi a máa ní mo ríre, ọkọ wọn kò lè bá wọn lọ gèlè. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún wọn rí pé ó ń dùn mí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó dùn jù. Ọkọ mi yìí kan náà ni olùkọ́ kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀kọ́ oore-ọ̀fẹ́ bá ti kàn, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn a máa wá gbọ́. Yóò gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan dání, yóò nà án sókè, yóò bi wọ́n pé, "Ta ló fọ̀ ọ́? Ṣé aṣọ ló fọ ara rẹ̀?" Kíláàsì a dáhùn pé rárá. "Ṣé aṣọ ló san owó ọṣẹ?" Rárá. Àwọn màmá àgbà á máa nu ojú. Bí ẹ̀kọ́ bá parí tán, ẹnì kan a ní kí òun bá olùkọ́ gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, wọn a sì máa fa báàgì náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí tí okùn rẹ̀ á fi já.

Òdìkejì títì wa ni onígbàjámọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ó-Ń-Bọ̀ wà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá lọ gẹrun, kò ní sí níbẹ̀, ẹni tí ó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì a sì sọ fún yín pé ó ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, ọmọ náà ti di télọ̀ báyìí. Nígbà kan, Ó-Ń-Bọ̀ wà lára àwọn tí ń kí èèyàn káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi ló dìde nínú ìpàdé, tí ó ní ẹni tí ń kí èèyàn káàbọ̀ kò gbọdọ̀ dé lẹ́yìn àwọn tí ó fẹ́ kí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo òótọ́ kọ́ ni à ń fi nàró sọ láwùjọ. Wọ́n yọ ọ́. Ojú tì í, mo rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ré títì kọjá, ó kí wa bí ó ṣe máa ń kí wa, ó wo orí ọkọ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irun yín ti ń kún o."

Ó gbẹ̀san ṣá, bí a bá lè pè é ní ẹ̀san. Lọ́jọ́ ìbí ọkọ mi, ó gẹrun fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Yéè, ọ̀rọ̀ dé. Ọkọ mi kó gbogbo aṣọ ọkùnrin náà wá fọ̀, ó kó aṣọ tí ó ń dà sí oníbàárà lọ́rùn, ó kó kọ́tìnì ojú fèrèsé, ó sì ń wo èyí tí ó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ilé ni onígbàjámọ̀ gbà wá bá mi, tòun ti aṣọ ìnura ní ìbàdí. "Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ṣòkòtò mi lọ́wọ́ ọkọ yín. Oníbàárà wà ní ṣọ́ọ̀bù."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe wà nìyẹn, kí ọmọ onígbàjámọ̀ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó.

Láàárọ̀ Jímọ̀, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, bàbá ìyàwó fúnra rẹ̀ gbé gáùn kan wá nínú ọ̀rá. Apá méjèèjì ló fi gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, gáùn ìyá ẹ̀ ni," ó ní. "Òun ló wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e. Ọmọ ní òun ò wọ òmíràn."

Ọkọ mi lọ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lé mi kúrò nídìí tábìlì, ó ní kí n má mí sí i. Ó mú áyọ́ọ̀nù tí ó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì bẹ̀rẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án ni ó ti ń rọra lọ gáùn yẹn: apá ọ̀tún, apá òsì, ọrùn, àyà, ẹ̀yìn. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ku iwájú nísàlẹ̀. Èmi lọ ra ọṣẹ lópin àdúgbò. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni òjò dé láìkìlọ̀, mo bá yà sábẹ́ òrùlé ilé kan, níbi tí mo ti lè rí iwájú ilé wa kedere.

Ohun tí mo rí rèé. Aṣọ àwọn èèyàn kún orí okùn wa níta, ṣẹ́ẹ̀tì méjìlélógún àti aṣọ orí ibùsùn ilé ìtura kan. Ó-Ń-Bọ̀ yọ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sáré ré títì, ó já gbogbo rẹ̀ bọ́ lórí okùn sínú agbọ̀n, ó gbé agbọ̀n sábẹ́ òrùlé wa, ó sì sáré padà. Kò kan ilẹ̀kùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni orí ọkọ mi yọ lójú fèrèsé.

Mo mọ ojú yẹn. Ojú ẹni tí a ṣe lóore ni. Ó wo agbọ̀n, ó wo òdìkejì títì, ó rí i pé aṣọ ìnura onígbàjámọ̀ wà lórí ọgbà nínú òjò, bẹ́ǹṣì rẹ̀ náà sì wà níta. Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Títí di òní ni ó ń sọ pé òun nà án ró kí òun tó jáde. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù kò jẹ́rìí sí i.

Bó ṣe jáde nìyẹn o, nínú òjò, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó kó aṣọ ìnura. Ó gbé bẹ́ǹṣì. Ó gbé dígí. Bàbá arúgbó kan tí ó wá gẹrun jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ òrùlé, òjò kò kàn án rárá. Ọkọ mi gbé bàbá náà wọlé tòun ti àga. Lẹ́yìn náà ni ó gbá omi kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀, kí ó lè ju oore tí wọ́n ṣe é lọ díẹ̀, bí ìṣe rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn. Mo ju ọṣẹ nù, mo sáré wọlé, ó ti pẹ́ jù. Níwájú gáùn, níbi orúnkún, àpá áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó sókè bí ẹni ń fọ̀nà hàn wá. Ọkọ mi wọlé lẹ́yìn mi, omi ń kán lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láyé. Ó rí ojú mi. Ó wo tábìlì.

Ó jókòó sílẹ̀. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó ní. "Mi ò jó aṣọ rí."

Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì yẹn dé orí ahọ́n mi. Ọlọ́run ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí nínú, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, àwọn méjèèjì jọ ń jà nínú mi ni. Ó dìde, ó fi omi tútù nù ún, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún, ó fi gbogbo ohun tí ó mọ̀ nù ún, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé ohun tí iná bá mú kì í lọ mọ́. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó kó áyọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agbada ìfọṣọ, ó gbé e, ó ní kí n gbé gáùn. A ré títì kọjá.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a gbàdúrà pé kí Ó-Ń-Bọ̀ má sí ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà ni ó wà níbẹ̀. Ó ti gẹ ààbọ̀ orí bàbá arúgbó. Ó rí gáùn lọ́wọ́ mi, ó pa ẹ̀rọ ìgẹrun. Ó gba gáùn, ó fi ìka kan yí àpá náà ká, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà.

"Ibí yìí ni ìyàwó mi dì mú nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

Ó sunkún. Kò pariwo, omi ojú kàn ń ṣàn sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá arúgbó fi ọwọ́ bo ibi tí wọn kò tíì gẹ̀ lórí rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọkọ mi kúnlẹ̀. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju onígbàjámọ̀ lọ, tí ó ní kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ sórí irun tí wọ́n gẹ̀ sílẹ̀.

"Àbúrò mi, àwọn áyọ́ọ̀nù mi rèé. Tìẹ ni wọ́n. Màá máa gbá ṣọ́ọ̀bù yìí láràárọ̀ títí tí màá fi kú. Màá fọ aṣọ rẹ, màá fọ ti ọmọ rẹ, màá fọ ti ọmọ tó bá bí..."

"Kó ṣá ti má gbé mi tòun ti àga mọ́," ni bàbá arúgbó wí, níbi tí ó kọjú sí ògiri.

Onígbàjámọ̀ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Mo ti foríjì yín."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ má ṣe nǹkan kan."

"Nǹkan kékeré báyìí. Pé kí n kàn máa..."

"Ẹ̀gbọ́n." Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí wọnú eegun. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbálẹ̀ ibí yìí títí ayé, ṣé aṣọ yìí máa funfun ni? Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sórí pátákó yín. Ẹ̀bẹ̀ ò lè yọ ọ́, sísan ò lè yọ ọ́. Mo kàn foríjì yín ni. Ẹ wá lọ́la, ẹ jókòó, ẹ jẹun, kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Mo rí ojú ọkọ mi. Ká ní onígbàjámọ̀ ní kí ó fi eyín gbé bẹ́ǹṣì yí àdúgbò ká ni, ojú rẹ̀ ìbá dán. Èyí tí wọ́n wí yìí pa á lára.

Ibẹ̀ ni ìyàwó fúnra rẹ̀ ti wọlé, okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Ó rí gáùn ní itan bàbá rẹ̀. Òun náà sunkún díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó na gáùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. "Màmá mi ga jù mí lọ," ó ní. "Mo ti ń rò ó pé màá ká ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọlé. Màá kúkú gé e, màá fi èyí tí mo bá gé ṣe òdòdó lé ibi tó jó." Ó wo ọkọ mi. "Mi ò ní sọ fún yín pé kò sí nǹkan tó ṣe, Bàbá. Ṣùgbọ́n màá wọ̀ ọ́."

Wọn kò gba áyọ́ọ̀nù. A tún gbé agbada ré títì padà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, ọkọ mi dìde, ó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ gbàdúrà. Mo mọ irú àdúrà tí ó ń lọ gbà. Kò pẹ́ tí ó fi padà dé, ó jókòó sí ìdí ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń rọ̀ dirodiro.

"Ìyá wọn, ọkùnrin yìí fẹ́ pa mí."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ti kó gbogbo ìgbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pamọ́. Ọlọ́dẹ ní láti àná ló ti wá kó wọn. Ó ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa. Ó ní tí mo bá fẹ́ to àga, kí wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ti tò ó."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọkùnrin tí kò tètè dé ibì kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó tètè dé nítorí kí ó lè fi ìgbálẹ̀ pamọ́ fún ọkọ mi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó wọlé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òdòdó aláṣọ funfun kan tóbi lórí orúnkún gáùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ a rò pé àrà ni. Mo mọ obìnrin méjì tí wọ́n ti wá bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà náà pé kí ó ran irú rẹ̀ fún àwọn. Ilẹ̀ ni ọkọ mi ń wò.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn ìjẹun, tábìlì iwájú ni wọ́n mú wa lọ, láàárín àwọn ẹbí. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran síwájú rẹ̀, ẹran náà pọ̀. Bí ó ṣe ń fọwọ́ rọra kó àwo àwọn tí ó jókòó tì í jọ, bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe, ọwọ́ kan bà lé e léjìká láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Kí n ṣáà gbàdúrà sórí oúnjẹ."

"Pásítọ̀ ti gbà á."

"Àwọn aṣọ orí tábìlì yìí, tí wọ́n bá ṣe tán, kí n kàn..."

"Rárá."

Ìyàwó wá, ó ń fi ọwọ́ di iwájú gáùn mú, níbi tí ìyá rẹ̀ ti dì í mú, kí ó má baà fẹsẹ̀ kọ. Ó fi ẹran kan sí i fún ọkọ mi. "Bàbá, ẹ jẹun," ó ní. Ọkọ mi wo ọwọ́ náà, ó wo òdòdó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ṣíbí. Ó fi bu ìrẹsì. Ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń jẹran, àwọn ẹbí ìyàwó rò pé ata ni, wọ́n fún un lómi. Ó gba omi náà. Ó mu ún. Ó jẹ gbogbo oúnjẹ yẹn tán pátápátá, ó gbójú sókè wo ọkùnrin tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun."

Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Kò sí nǹkan tí ó tẹ̀ lé e. Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ọkọ mi dúpẹ́ kí ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Ó sì tún pe ẹni tí ó kéré sí i ní ẹ̀yin. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Wọ́n fún èmi náà lómi.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ mi sì ní kíláàsì. Láti Jímọ̀ ni kò ti fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Mò ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí ó pè mí wá sí yàrá iwájú. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ sórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù kékeré yẹn gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Ìyá wọn, bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí."

Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá. "Ta? Èmi?"

"Ìwọ."

"Kọ́là akọ̀wé báńkì ńkọ́?"

"Mo sọ fún ẹ pé mo ti foríjì ọ́," ó ní. "Irọ́ ni mo pa. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, àfi ìgbà tí wọ́n foríjì èmi náà. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Má bínú sí mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ti ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti ń tò ó nídìí agbada ìfọṣọ, òwe mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mo mọ ibi tí màá ti dánu dúró kí ó lè dùn ún. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, mi ò rí ẹyọ kan mú nínú rẹ̀. Mo kàn gba áyọ́ọ̀nù.

Ọwọ́ mi ti gbàgbé. Mo lọ ẹ̀yìn, ó ká. Mo lọ apá òsì, ìlà méjì jáde lórí rẹ̀, ọ̀kan tọ̀ọ́, ọ̀kan yà bí ọ̀nà oko. Ọkọ mi dúró tì mí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo sì rí i pé ọwọ́ kan di èkejì mú gírígírí. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó dí bọ́tìnnì títí dé ọrùn, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì gbé Bíbélì.

Pátákó yẹn ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà wa o. Mo bi í nígbà wo ni yóò yọ ọ́, ó ní ìṣó rẹ̀ ti dógùn-ún. A ò ní parí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò gbé ṣẹ́ẹ̀tì kankan dání lọ sí kíláàsì láti fi kọ́ wọn. Ó dúró níwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, gbogbo ojú sì wà lára apá òsì rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rí kí aṣọ Bàbá Lójú-Ẹsẹ̀ ká rí. Kò sí ẹni tí ó lè bi í. Ẹ̀kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì kí Ó-Ń-Bọ̀ tó wọlé, ó ń tọrọ gáfárà lọ́tùn-ún lósì. Bí ó ṣe jókòó, ó rí apá yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ló lọ aṣọ yín?"

"Ìyàwó mi ni," ni ọkọ mi wí, ó sì gbé apá náà sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i.